Àáfà Mẹ́kà Tí N Kò Bi Léèrè

Rúwésì, Jẹ́dà,
Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Táófíìkì ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Má jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí o bá rí ìwé gígùn. Kò sẹ́ni tó kú. Bàbá rẹ wà ní Ìwó, ó ń bá àwọn bíríkìlà jà lórí ilé. Èmi náà wà níbí láàárín páálí mẹ́rìnlá tí mo ti dì, ara mi le, ọkàn mi ni kò jókòó.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo wá da fóònù náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni pé ó fẹ́ bù mí jẹ. O ní iṣẹ́ kóòṣì tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó san ọ́. O ní wọ́n fi ọmọdébìnrin kan lé ọ lọ́wọ́, Hàbíbà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Mùsùlùmí bíi tiwa, tó ń gbá tẹníìsì bí ẹni tí inú ń bí. O ní ìdíje ńlá kan bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní dandan ni kó gbààwẹ̀, kó sì tún gbá ìdíje. O wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àáfà Mẹ́kà tí ẹ bi léèrè fún mi lọ́dún yẹn, ẹ bá mi bi í fún ọmọ yìí náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òun náà sí."

Háà, Táófíìkì!

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tẹ fóònù pé kí n gba ohùn sílẹ̀ fún ọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa á rẹ́. Ohùn mi ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ ọ́ dáadáa: tí o bá ti gbọ́ pé ohùn mi ń gbọ̀n, wàá ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ sinmi," ibẹ̀ ni n óò sì fi í sí. Ìdí nìyí tí mo fi wá bírò. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, n óò ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, n óò fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ààwẹ̀ wọlé, ọmọ ọlọ́mọ sì ń dúró de ìdáhùn.

N óò dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun yìí bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí ìdáhùn náà wúwo, n kò lè gbé e nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni pé ọwọ́ tí ọmọ bá fi gbá bọ́ọ̀lù, jẹ́ kó fi gbá a.

Bóyá o kò rántí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Amẹ́ríkà níbi tí bàbá rẹ ti kàwé, tí a bí ọ sí. Òun ti ríṣẹ́ ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, èmi ti di nọ́ọ̀sì. Inú ọgbà tí wọ́n kó àwa àlejò sí, pápá tẹníìsì kan wà níbẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti là, tí àwọ̀n rẹ̀ ti já. Ará Pakísítánì kan fún ọ ní ráàkẹ́ẹ̀tì àlòkù. Ọwọ́ òsì lo nà tí o fi gbà á, ọwọ́ òsì lo sì fi ń gbá a. Mo sáré jáde láti kíṣìnì tòun ti ṣíbí ọbẹ̀, mo fi lù ọ́ lọ́wọ́. Mo ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áńbọ̀sìbọ́sí pé ká máa fì í níwájú àwọn Lárúbáwá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń so ọ̀já mọ́ ọwọ́ yẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, títí ọwọ́ ọ̀tún fi gbọ́n. Bàbá rẹ ń wò mí, ó ń mi orí.

Nígbà tí o dàgbà, tí o padà lọ sí Amẹ́ríkà, kóòṣì rẹ òyìnbó bi mí lórí fóònù bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí ọ. Ó ní ẹni tó ń fi òsì gbá a máa ń da orí ọ̀tá rú, pé wọn kò pọ̀, pé òun rí nǹkan kan lára rẹ. Mo ní, "Rárá o, ọ̀tún ni láti ilé ọmọ." Ẹnu mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Nítorí náà, kí o tó tún ohunkóhun ṣe lára ọmọ tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́, kọ́kọ́ wo ohun tí Ọlọ́run ti fún un kí ìwọ tó dé.

Ọ̀rọ̀ kejì. Má fi ọmọ ọlọ́mọ gbá ìdíje tí ìwọ pàdánù.

Èmi ni kí o wò. Dókítà ni mo fẹ́ dà nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́bìnrin. Mo ṣe ìdánwò àṣewọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo bá di nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tó dára ni, ó sì bọ́ wa, ṣùgbọ́n inú mi kò balẹ̀ sí i rí. Ìgbà tí orúkọ rẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn, mo gé gbogbo rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù mi níbi iṣẹ́. Àwọn dókítà tí mo máa ń gbé fáìlì tọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kí mi. "Ìyá Tẹníìsì, ẹ káàbọ̀!" Ó dùn mọ́ mi nínú ju oyin lọ. Ìwé ẹ̀rí tí n kò rí gbà, ìwọ ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mo wá ń gbé ọ kiri.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà ṣì ń gbá ìdíje kan nínú orí rẹ. Lẹ́yìn tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ já, ọdún mẹ́rìnlá lo tún fi ń ti ìlú kékeré kan bọ́ sí òmíràn, níbi tí òǹwòran kò pé ogún, ò ń wá ipò tí o dé rí. O kò rí i mọ́. Lọ́dún tó kọjá o gbé ráàkẹ́ẹ̀tì kọ́, o fi fọ́tò bàtà rẹ ránṣẹ́ sí èmi àti bàbá rẹ, o kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo wo bàtà yẹn títí. Ti ẹsẹ̀ òsì jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ò ń fi ọgbọ́n tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ láti ìgbà náà. Mo sunkún, mo sì sọ fún bàbá rẹ pé àlùbọ́sà ni.

Ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀kùn, ó ní òun wá wo fíríìjì tí mo fẹ́ tà. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó fi etí sí i bíi dókítà, ó ní ó ti gbó. Mo ní èmi náà ti gbó, ẹ máa lọ. Mo lọ gbé omi tíì kaná, mo gbàgbé láti tan iná sí i. Wò ó, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kẹta yìí kí ìrun Mọ̀ọ́gíríbì tó bá mi.

O mọ ọdún yẹn jù mí lọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọ́. Nígbà tí ìdíje ńlá náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́; o wà lára àwọn tó ní láti kọ́kọ́ jà kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. O wọlé. O na ẹni àkọ́kọ́, o na ẹnì kejì, ó wá ku ẹni tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. Oṣù ààwẹ̀ ni, ooru sì mú lọ́dọ̀ yín débi pé yìnyín ni wọ́n ń fi sọ́rùn yín.

Gbogbo Yorùbá tó wà ní Gúlélì, àdúgbò wọn ní Jẹ́dà níbí, ló ti gbọ́. Àlàájà Sẹ̀kínátù tó ń ta aṣọ, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ti kéde pé ilé òun ni a ó ti wò ó. Àwọn tó ní ìkámà ń bọ̀; àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú kankan, tí wọn kì í yọjú síta láìnídìí, àwọn náà ní àwọn ń bọ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, obìnrin kan bi mí níbi iṣẹ́ pé, "Àlàájà, ṣé Táófíìkì ń gbààwẹ̀ nínú gbogbo eré tó ń sá yìí?" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bi mí. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Mo ní, "Ọmọ tèmi? Kò jẹ ààwẹ̀ kan rí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá." Mo délé, mo pè ọ́.

Mo ní, "Táófíìkì, gbogbo Gúlélì ni yóò jókòó wò ọ́ lọ́la. Má jẹ́ kí wọ́n rí omi lẹ́nu rẹ o."

O ní, "Màmá, lẹ́mọ́ọ̀mù mọ́ṣáláṣí ibí ní arìnrìn-àjò lè jẹ ẹ́, kó san án tó bá délé. Mo sì wà lórí ìrìn."

Òótọ́ lo sọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Èmi fúnra mi, tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ lé aláìsàn lọ sí Ríyáàdì nínú oṣù ààwẹ̀, inú bàlúù ni mo ti ń mu omi mi, tí n óò wá san án lẹ́yìn ọdún. Ṣùgbọ́n mo rí ojú obìnrin tó rẹ́rìn-ín yẹn, mo rí yàrá Àlàájà Sẹ̀kínátù bí yóò ṣe kún. Kí ni ayé máa wí? Ẹnu mi là, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo ní, "Mo ti bi àáfà ńlá kan léèrè ní Mẹ́kà. Ó ní tìrẹ yàtọ̀. Ó ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọ sí, ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà lo ní, ibikíbi tí o bá dé nílẹ̀ náà, ilé rẹ lo wà. Ẹni tó wà nílé kì í ṣe arìnrìn-àjò."

O ní, "Àáfà Mẹ́kà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Àáfà Mẹ́kà ni."

O ní, "Kò burú, Màmá."

Àkànní, n kò bi àáfà kankan. N kò tilẹ̀ dé Mẹ́kà lọ́sẹ̀ náà. Kò sí àáfà náà rárá. Èmi ni àáfà náà.

Bàbá rẹ gbọ́ mi láti yàrá, ó jáde sí mi. Ó ní, "Ìyá Táófíìkì, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí ará Jẹ́dà lè rí omi mu. Ìwọ wá fẹ́ fi òùngbẹ pa ọmọ mi? Pè é padà." Mo ní, "Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi, ẹ kò mọ ẹnu àwọn obìnrin Gúlélì." Ó mú fóònù tirẹ̀, ó wò ó, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún ọmọ pé òpùrọ́ ni ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo so ó, ìwọ ni kí o tú u." Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ ọ́ mọ́. Kò sì gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìṣínu, a kún yàrá Àlàájà Sẹ̀kínátù bámúbámú. Ìrun àṣámù ni wọ́n ń kí ní mọ́ṣáláṣí. Àwa tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ọlọ́mọ ń gbààwẹ̀, a kò lọ. Oòrùn ti wọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀sán gangan ni. Dàbínù wà níwájú wa, omi tútù wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí o yọ sí pápá, àwọn tó ń ṣàlàyé pè ọ́ ní ọmọ Amẹ́ríkà, Àlàájà Sẹ̀kínátù sì pariwo pé, "Irọ́ ni, ọmọ Ìwó ni!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

O gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. O gba ìkejì, ó ku ẹyọ kan kí o borí. Nígbàkígbà tí ẹ bá jókòó sinmi, ẹni kejì rẹ á gbé ìgò sẹ́nu, ìwọ á da tìrẹ sórí, wàá fi fọ ẹnu, wàá tu ú dànù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o tu omi yẹn dànù, yàrá mì tìtì. "Máṣá Állà! Ẹ wo ọmọ Àlàájà!" Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń ṣàdúà fún mi. Inú mi dùn, Táófíìkì. Kí n má tún purọ́ mọ́: n kò tíì rí ọjọ́ tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo gbé ife mi, mo mumi.

Ní sẹ́ẹ̀tì kẹta o bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì nínú yàrá yẹn. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó wa lọ sí Mẹ́kà nígbà Hájì láti fa omi sára àwọn tí oòrùn bá dá dùbúlẹ̀. Mo mọ ètè tó ti funfun. Mo mọ ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú mọ́. Mo mọ ohun tí mò ń wò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, fóònù mi wà nínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, nọ́ńbà kóòṣì rẹ sì wà nínú rẹ̀. N kò mú un jáde. Sẹ́ẹ̀tì kẹta bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ìkẹrin náà bọ́. Ní ìkarùn-ún, ó kù díẹ̀ kí o jàjà gbà á, o sáré bá bọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá àwọ̀n, pajápajá mú ọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, o ṣubú, iṣan gìgísẹ̀ rẹ já. A gbọ́ bí o ṣe ké. Ẹnì kan ní, "Kádàrá ni." Àlàájà Sẹ̀kínátù ló gba ife lọ́wọ́ mi, nítorí ó ti ń dà sí mi lára.

Àwọn oníròyìn bi ọ́ ìdí tí o kò fi mu omi. Orí àga onítáyà lo jókòó sí. O ní, "Ara mi ni kò le tó." O kò dárúkọ mi, o kò dárúkọ àáfà. Mo gbé ọwọ́ láyà, mo ní Àlùhámúdùlíláì. Kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ rẹ o. Nítorí pé o bò mí láṣìírí ni. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ó ju irọ́ náà gan-an lọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán ọ. Bó ṣe wà lo ṣe jẹ́ ẹ, nítorí pé ìyá rẹ ló rán ọ. Wọ́n sì ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn ìwọ fúnra rẹ ló sì wá lé e bá, pé kí n bá ọ bi àáfà.

Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe nígbà tí mo gbọ́ ohùn náà? Ojú á tì mí, kò burú, ó ti yẹ kó tì mí. Ní àná, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ tọrọ àforíjì. Mo lọ wá àáfà! Mo rò ó pé bí mo bá lè rí ẹyọ kan péré tí yóò sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kì í ṣe arìnrìn-àjò níbẹ̀, irọ́ mi á di òótọ́, màá sì dá ọ lóhùn láìyí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni ọgọ́ta ọdún nìyẹn o. Àgbà ya wèrè.

Nínú Háráámù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, ibì kan wà tí àwọn àáfà ti ń jókòó dá èèyàn lóhùn. Bàbá arúgbó kan ni mo bá, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn. Mo fi Lárúbáwá mi tí kò dán gbé e kalẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin kan ni.

Ó ní, "Ṣé ó kúrò nílùú tó ń gbé?"

Mo ní, "Yóò wọ bàlúù, wákàtí mẹ́rin."

Ó ní, "Arìnrìn-àjò ni. Kó mu omi, kó san án tó bá yá."

Mo ní, "Ilẹ̀ náà ni wọ́n kúkú bí i sí, Ṣéèkì."

Ó gbójú sókè. "Mẹ́kà ni wọ́n bí èmi náà sí. Bí mo bá lọ sí Ríyáàdì, ṣé mi ò rìnrìn-àjò ni? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ó kù fín-ín kí n ní, "Àáfà kan ní Mẹ́kà." Níwájú rẹ̀! Mo gbé e mì. Mo ní, "Obìnrin kan ni."

Ó ní, "Sọ fún obìnrin náà kó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run." Mo ti ń dìde, mo ti ń sá lọ. Ó tún pè mí padà. "Kó sì lọ bẹ ọmọ náà. Ohun tó ṣe sí ọmọ, ọ̀dọ̀ ọmọ ló wà."

Mo kúkú ti gbé àníyàn Úmúrà, mo ní kí n ṣe é tán. Mo rọ̀kiriká Káábà, mo lọ sí òkè Sáfà. O rántí ìtàn tí mo máa ń sọ fún ọ kí o tó sùn: bí ìyá wa Hájárà ṣe wà nínú aginjù yìí tòun ti ọmọ ọwọ́, tí omi tán, tí ọmọ ń ké, tó ń sáré láti Sáfà dé Máríwà, láti Máríwà dé Sáfà, ìgbà méje, ó ń wá omi, títí omi Sámúsámù fi ṣẹ́yọ lẹ́bàá ọmọ náà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, n kò lè ka iye ìgbà tí mo ti rìn ín. Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà náà bí ọ̀nà ilé. Ní àná, ní ìrìn kẹrin, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo dúró gbagidi láàárín èrò. Obìnrin yìí sáré kí ọmọ rẹ̀ lè rí omi mu. Mo bi ara mi pé, ìwọ ńkọ́, Sàdíátù? Ìwọ gbé fóònù, o ní kí tìrẹ má mu ún. Obìnrin Indonéṣíà kan dì mí lápá mú, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Mo sunkún mọ́ ọn léjìká, n kò mọ̀ ọ́n rí. Lẹ́yìn náà mo rin mẹ́ta tó kù.

Ìdáhùn rẹ nìyí, kó má baà dà bí ẹni pé ìtàn ni mo fi bò ọ́ lójú. Kí Hàbíbà mu omi. Ọjọ́ tó bá wà nílé, kó gbààwẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá rìnrìn-àjò lọ gbá ìdíje, kó mu omi, kó san án lẹ́yìn ọdún. Kó má sì lọ fi ara pamọ́ sẹ́yìn táwẹ̀lì mu ún bí olè. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ gbà á, bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: bí kò bá sẹ́ni tó ń wò ọ́, ṣé wàá ṣì gbà á? Kó má dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kó lọ sùn lé e.

Má sì bá ìyá rẹ̀ jà. Mo mọ obìnrin yẹn bí mo ṣe mọ ara mi. Kì í ṣe Ọlọ́run ló ń bẹ̀rù, ẹnu ayé ni. Fún un ní nọ́ńbà mi. Sọ fún un pé ìyá kan wà ní Jẹ́dà tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. N óò sọ gbogbo èyí fún un pátá, tòun ti ife omi tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò mọ ìkelòó tó jẹ́ mọ́, mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kà. Bí ọmọ bá yára sọ fún ọ pé, "Kò burú, Kóòṣì," bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o wò, má wo ẹnu rẹ̀. Ìwọ sọ ọ́ fún mi, ó sì burú.

Táófíìkì, mo bẹ̀ ọ́. N kò ní sọ pé nítorí Ọlọ́run, n kò ní sọ pé ìyá ni mí. Mo purọ́ fún ọ, mo fi gba ẹsẹ̀ rẹ, mo sì jẹ́ kí o máa rò fún gbogbo ọdún wọ̀nyí pé ara rẹ ni kò le. Ara rẹ le. Òùngbẹ ló ń gbẹ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu n óò kúrò ní Jẹ́dà. Ìwé ẹni tó ń lọ tí kò ní padà mọ́ ti jáde fún mi. Kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù kan péré ni wọ́n máa gbà kí n gbé wọ bàlúù, gbogbo Ìwó ló sì ti ránṣẹ́ sí mi nítorí rẹ̀, látorí lẹ́mọ́ọ̀mù dé orí ìyàwó àbúrò bàbá rẹ. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé ó ní ẹni tó ni ín. Tìrẹ ni. Wá sí Ìwó. Bí inú bá ń bí ọ, máa bínú bọ̀. Bí o bá fẹ́ pariwo, bàbá rẹ á jáde fún wa. Bí o kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, má sọ ọ́, ṣáà jókòó. Àlàájà Sẹ̀kínátù ti wà ní Ìbàdàn báyìí, n óò ní kó wá, òun àti gbogbo ẹni tó bá kù nínú àwọn tó wà ní yàrá ọjọ́ yẹn. N óò ṣí kẹ́ẹ̀gì náà níṣojú wọn, n óò bu omi sínú ife, n óò kúnlẹ̀ gbé e fún ọ. Ọwọ́ yòówù kí o fi gbà á, n kò ní sọ̀rọ̀. Kí gbogbo wọn máa wò.

Mu ún, ọmọ mi. Má tu ú dànù.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù.